Búnájì, Friesian, Jersey àbí àdàpọ̀: màálù oníwàrà wo ló yẹ wá ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Ẹni tó bá fẹ́ sin màálù oníwàrà ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ló là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lè ra màálù funfun àwọn Fúlàní, èyí tí à ń pè ní Búnájì. Ó lè wá Friesian tàbí Jersey ògidì. Ó lè ra àdàpọ̀ ti ilé àti ti òkèèrè. Ó sì lè wá Girolando, tí àwọn ará Bràsíìlì ti dà pọ̀ tán kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré sí èyí tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù. Mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa béèrè nípa màálù kọ̀ọ̀kan ni pé, kó tó fún mi ní lítà wàrà kan, oúnjẹ mélòó ló máa jẹ, gáàsì mélòó ló máa gùfẹ̀ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ọdún mélòó ló sì máa lò láyé kó tó kú tàbí kí n tó tà á fún alápatà? Bí ẹ bá fi èyí wọn gbogbo wọn, ẹ ó rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà bá ti àwọn tó ń ta màálù mu.

Ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an

Gbogbo wa la mọ ṣàkì nínú ọbẹ̀. Ara àpòlúkù màálù ni ṣàkì yẹn. Nígbà tí màálù ṣì wà láàyè, inú àpòlúkù náà dà bí agbè ẹmu tó ń hó tọ̀sán-tòru. Kòkòrò àìfojúrí ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn ló ń jẹ koríko tí ikùn àwa ènìyàn kò lè rí nǹkan kan fi ṣe, tí wọ́n á sọ ọ́ di èròjà tí màálù fi ń gbé ara ró, tó sì fi ń ṣe wàrà. Níbi iṣẹ́ yìí ni háídírójìn ti ń jáde. Àwọn kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní archaea á gbà á, wọ́n á pò ó mọ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, ó di mẹ́téènì. Tí màálù bá wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, tó ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹnu ló ń gùfẹ̀ gáàsì yìí gbà. Àwọn kan rò pé ìdí ló ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ṣín-ún ló ń gba ibẹ̀.

Mẹ́téènì kì í pẹ́ lójú ọ̀run tó kábọ́nì dáyọ́ksáìdì. Nǹkan bí ọdún 12 ló ń lò. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún ọdún, kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kìlógíráàmù 27 kábọ́nì dáyọ́ksáìdì. Ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀ kòkó àti àgbẹ̀ iṣu tí kò ní màálù kankan, nítorí òjò kan náà la jọ ń retí. Ó tún kan àpò ẹni tó ni màálù. Nínú agbára tó wà nínú oúnjẹ tí màálù jẹ, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá gùfẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí ẹ fi owó yín rà nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká sin màálù kékeré tí kò jẹun púpọ̀, kí gáàsì lè dín kù. Ibi tí ìṣirò ti ń dojú rú nìyí. Kí màálù tó ṣe wàrà kankan, ó ní oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ jẹ kó ṣáà lè wà láàyè: kó mí, kó rìn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa lọ. Yálà ó fún yín ní lítà kan tàbí mẹ́wàá, oúnjẹ ìwàláàyè yìí kò ṣeé yẹ̀. Màálù tó bá ń fún yín ní lítà méjì ti di gbogbo ẹrù oúnjẹ ìwàláàyè rẹ̀ ru lítà méjì péré. Èyí tó ń fún yín ní mẹ́jọ pín ẹrù náà sí ọ̀nà mẹ́jọ.

Mo to ìṣirò náà sísàlẹ̀ yìí. Oúnjẹ gbígbẹ ni oúnjẹ tí a ti yọ omi inú rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Nínú kìlógíráàmù 100 eèsún tútù, nǹkan bí 20 péré ló jẹ́ oúnjẹ gbígbẹ. Mo lo gíráàmù 20 mẹ́téènì fún kìlógíráàmù oúnjẹ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tó súnmọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń rí. Òṣùwọ̀n ìfojúdá ni, ẹ má mú un bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n lára màálù kan pàtó.

| Màálù | Ìwọ̀n ara (kg) | Oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ (kg) | Wàrà lójúmọ́ (lítà) | Mẹ́téènì lórí lítà kan (gíráàmù) |
|---|---|---|---|---|
| Búnájì | 300 | 7.5 | 2 | 75 |
| Àdàpọ̀ Friesian àti Búnájì, ìdajì-ìdajì | 380 | 11 | 8 | 27 sí 28 |
| Àdàpọ̀ Jersey àti Búnájì, ìdajì-ìdajì | 320 | 9.5 | 7 | 27 |
| Friesian ògidì, ara rẹ̀ balẹ̀ | 550 | 16 | 16 | 20 |
| Friesian ògidì, ooru mú un | 550 | 12 | 8 | 30 |

Ẹ wo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Màálù kan náà ni. Ọ̀sán Ifẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ti ṣe irú ìṣirò báyìí fún gbogbo àgbáyé, tí wọ́n ka gbogbo gáàsì pọ̀, títí kan ti ìgbẹ́ màálù àti ti oúnjẹ tí wọ́n gbìn fún un. Ní ọdún 2015, kìlógíráàmù wàrà kan ń mú gáàsì tó tó nǹkan bí kìlógíráàmù 2.5 kábọ́nì dáyọ́ksáìdì wá tí a bá da gbogbo ayé pọ̀. Ibi tó kéré jù jẹ́ 1.3, ibi tó ga jù jẹ́ 6.7. Àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, níbi tí màálù ti pọ̀ tí wàrà kò sì tó nǹkan, ni wọ́n wà lókè níbẹ̀. A kò jẹ̀bi lórí iye gáàsì tí màálù wa kan ṣoṣo ń yọ. Lítà tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló kéré jù.

Búnájì

Màálù yìí ni ẹ máa rí jù ní gbogbo gàá tó wà láti Ìpetumodù títí dé Ìbòkun. Funfun ni, ó níké, ìwo rẹ̀ gùn. Ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ ìrìn, ó lè fi koríko gbígbẹ tí Friesian kò ní fẹ́ wò gbé ara ró. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìlà àkọ́kọ́ nínú tábìlì yẹn kó wá máa fojú burúkú wò ó.

Àmọ́ ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń fún wàrà rẹ̀ ní àárọ̀. Obìnrin Fúlàní náà á kọ́kọ́ tú ọmọ màálù sílẹ̀ kó mu ọmú díẹ̀, torí pé bí ọmọ kò bá fẹnu kàn án, ìyá kì í da wàrà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa so ọmọ náà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, á wá lóṣòó, á fún un sínú igbá. Lítà kan sí méjì ló sábà máa ń rí, torí ọmọ náà gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀ mu. Bí ọmọ bá kú, wàrà ti tán nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tún máa ń pẹ́ kó tó bímọ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, tó ń jẹ tó sì ń gùfẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn láìfún ẹnikẹ́ni ní wàrà.

Tí ẹ bá bọ́ ọ dáadáa, ó lè dé lítà mẹ́ta tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó dára lórí Búnájì kì í ṣe ìnáwó tó ṣòfò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó máa dúró sí, torí a kò ṣà á fún wàrà láti ìran dé ìran bí wọ́n ti ṣe fún àwọn ti Yúróòpù.

Friesian ògidì

Òun ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Dúdú àti funfun, ọmú ńlá, àwòrán rẹ̀ ló wà lára páálí wàrà. Ní ibi tó tutù, tí oúnjẹ rẹ̀ pé, lítà 25 sí 30 lójúmọ́ kò ṣòro fún un. Ní òkè Jos, ní agbègbè Vom níbi tí ilé ìwádìí àìsàn ẹran ti wà láti 1924, Friesian ti pẹ́ níbẹ̀, torí pé òkè yẹn ga tó nǹkan bí mítà 1,200, atẹ́gùn rẹ̀ sì tutù.

Ifẹ̀ àti Iléṣà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni tiwa, ooru wa sì lómi nínú. Ẹ lọ dúró ti Friesian ògidì kan lábẹ́ páànù ní agogo méjì ọ̀sán oṣù Kẹta. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí egungun ìhà parí sí. Ẹ fi aago fóònù yín ka iye ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ náà wú tó sì rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá kọjá 60, ara rẹ̀ balẹ̀. Tó bá ti lé ní 80, tí itọ́ ń ṣe yòdòyòdò lẹ́nu rẹ̀, tó na ọrùn síwájú tí kò fẹ́ dùbúlẹ̀, ooru ti bá a jà nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú àpòlúkù fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe láti gba ara rẹ̀ là ni kó dín oúnjẹ kù. Wàrà á wálẹ̀. Gígùn rẹ̀, ìyẹn àkókò tó ń fẹ́ akọ, á di èyí tí a kò rí mọ́, tàbí kí oyún má dúró. Oúnjẹ ìwàláàyè ara ńlá yẹn kò sì dín kù. Mímí hẹlẹhẹlẹ tún fi kún un ni.

Lẹ́yìn ooru ni àìsàn. Àwọn àgbà ní màálù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Friesian nírù, ṣùgbọ́n eṣinṣin tsetse inú igbó wa àti eégbọn tó wà lára koríko kọjá ohun tí ìrù lè lé. Sammore tí tsetse ń kó ràn wọ́n, ibà tí eégbọn ń fà, àti kirci tó ń bo awọ wọn lásìkò òjò, gbogbo rẹ̀ ló ń mú àwọn ti òkèèrè ju ti ilé lọ.

Ikú màálù wà nínú ìṣirò gáàsì pẹ̀lú, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ nípa ọ̀rọ̀ náà máa ń fò kọjá. Ẹgbọrọ màálù kan tó jẹ nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́fà oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ fún ọdún méjì àbọ̀ kó tó bímọ ti jẹ nǹkan bí 5,475 kìlógíráàmù, ó sì ti gùfẹ̀ nǹkan bí kìlógíráàmù 110 mẹ́téènì. Gbèsè nìyẹn kí lítà àkọ́kọ́ tó jáde. Tó bá bímọ márùn-ún tó sì fún yín ní 2,000 lítà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, gbèsè náà á di gíráàmù 11 lórí lítà kan. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ló bí, tó fún yín ní 2,500 lítà, tí sammore wá pa á, gíráàmù 44 ni, kí ẹ tó wá fi ti ojoojúmọ́ kún un. Màálù tó ń fúnni ní wàrà púpọ̀ tó sì tètè kú ti ba ìṣirò ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó lè kọ́ ilé gíga tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà kọjá, tó ní omi tí yóò máa fọ́n sí wọn lára ní ọ̀sán, tó ní fáànù, tó ní iná tí kì í lọ, tó sì ní dókítà ẹran tí yóò máa wá lóòrèkóòrè, onítọ̀hún lè sin Friesian ògidì ní Ifẹ̀. Ìlà kẹrin nínú tábìlì yẹn jẹ́ tirẹ̀. Mi ò mọ ọ̀pọ̀ wa tó ní gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Jersey ògidì

Láti erékùṣù Jersey tó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló ti wá. Ara rẹ̀ kéré, nǹkan bí 400 sí 450 kìlógíráàmù, ó pọ́n bíi èèpo ọsàn gbígbẹ. Wàrà rẹ̀ kò tó ti Friesian ní lítà, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ lé ní 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ti Friesian kì í sábà kọjá 4. Ẹni tó bá ń ṣe wàrà dídì tí a ń dín, tàbí yógọ́ọ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀rá àti amúaradàgbà ló ń tà, kì í ṣe omi. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lítà kan ti Jersey ju lítà kan lọ.

Ó máa ń fara da ooru díẹ̀ ju Friesian lọ, ara kékeré rẹ̀ sì túmọ̀ sí pé oúnjẹ ìwàláàyè rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n tsetse kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ ra ògidì rẹ̀. Àtọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rà.

Àdàpọ̀ ìdajì-ìdajì

Níbi tí mo dúró sí rèé. Tí ẹ bá fi àtọ̀ Friesian tàbí Jersey gbin oyún sí Búnájì nínú, ọmọ tó máa bí á ní ìdajì ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìdajì ẹ̀jẹ̀ ìyá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń lágbára ju bí ènìyàn ṣe máa rò tó bá fojú pín in sí méjì lọ. Ó máa ń tètè dàgbà, á bímọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, ó máa ń bímọ déédéé, ó sì ń yè. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Shika lẹ́bàá Zaria ti ṣiṣẹ́ lórí àdàpọ̀ Friesian àti Búnájì fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. Lítà márùn-ún sí mẹ́wàá lójúmọ́ kò kọjá agbára rẹ̀ tí oúnjẹ bá wà.

Ẹ tún padà sí tábìlì. Gáàsì orí lítà kan ti àdàpọ̀ ti wálẹ̀ láti 75 sí bíi 27, láìsí fáànù, láìsí omi fífọ́n. Láti ibẹ̀ sí 20 ti Friesian tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìyàtọ̀ gíráàmù méje péré ló kù, owó tí ẹ máa ná láti gba gíráàmù méje yẹn sì lè ra màálù mìíràn. Àǹfààní tó tóbi jù wà ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láti Búnájì sí àdàpọ̀.

Friesian ni tàbí Jersey, èwo ni ká fi ṣe bàbá? Bí Búnájì yín bá tóbi, tó ti bímọ rí, tí ẹ sì ń ta wàrà olómi fún àwọn tó ń rà á ní lítà, ẹ lo Friesian, ṣùgbọ́n ẹ béèrè akọ tí ọmọ rẹ̀ kì í tóbi jù nígbà ìbí. Bó bá jẹ́ ẹgbọrọ tí kò tíì bímọ rí, tí ara rẹ̀ kéré, Jersey ni kí ẹ lò, kí ọmọ má baà há sí i nínú. Tí ilẹ̀ koríko yín bá kéré, Jersey náà ni.

Lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́, kí ló kàn? Ibi tí ọ̀pọ̀ agbo màálù ti ń dàrú nìyí. Bí ẹ bá tún fi Friesian gùn ọmọ ìdajì yẹn, ọmọ rẹ̀ á ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ òkèèrè. Wàrà lè pọ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti ń padà sọ́dọ̀ ooru àti tsetse. Bí ẹ bá fi Búnájì gùn ún, wàrà á já wálẹ̀. Bí ẹ bá fi àdàpọ̀ gùn àdàpọ̀, agbára tí mo sọ pé ó ń ti inú ìdàpọ̀ wá yẹn á dín kù tó ìdajì. Ọ̀nà méjì ni mo fara mọ́. Ọ̀kan ni pé kí ẹ tọ́jú àwọn Búnájì dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìyá, kí ẹ máa bí ìdajì-ìdajì tuntun láti ara wọn ní gbogbo ìgbà. Èkejì ni Girolando.

Girolando

Friesian ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, Gir ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Gir jẹ́ màálù oníké láti Íńdíà, etí rẹ̀ gùn bọ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ooru ló ti wá. Ọdún 1996 ni ìjọba Bràsíìlì fọwọ́ sí Girolando bí ìran màálù tó dá dúró. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àtọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìdajì-ìdajì wa ni pé, tí ẹ bá fi Girolando gùn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ Yúróòpù ọmọ tó máa jáde á jẹ́ 56.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù á jẹ́ ti màálù oníké. Ẹ kò kúrò lágbègbè ìdajì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tuntun ti wọlé. Ṣùgbọ́n tsetse kò sí ní ibi tí wọ́n ti ṣà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra ààyè Girolando, kó mọ̀ pé dókítà ẹran gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Ti àwọn yòókù kò gùn. Sokoto Gudali máa ń fúnni ní wàrà tó jọ ti Búnájì tàbí kó ju díẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ló bá a mu. N'Dama àti Muturu kò níké, tsetse kì í tètè borí wọn, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀bùn ńlá ní ilẹ̀ igbó, àmọ́ wàrà wọn kò tó ohun tí a lè fi ṣòwò.

Akọ wo nínú ìwé àwọn tó ń ta àtọ̀?

Tí ẹ bá ti yan ìran, ó ku kí ẹ yan akọ. Tẹ́lẹ̀, lítà wàrà nìkan ni wọ́n fi ń to àwọn akọ. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ mú abo màálù méjì tí ìwọ̀n ara wọn dọ́gba, tí wàrà wọn dọ́gba. Ọ̀kan lè máa jẹ kìlógíráàmù kan tàbí méjì dín sí èkejì lójúmọ́. Ó ń jogún ìwà yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí fún akọ ní máàkì lórí oúnjẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi pamọ́ ní 2015, wọ́n pè é ní Feed Saved. Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn ní 2020 pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ní oṣù Kẹrin 2023, Kánádà gbé máàkì mẹ́téènì jáde fún Holstein, tó jẹ́ ẹbí Friesian, wọ́n ń fi ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí àyẹ̀wò wàrà fojú dá gáàsì tí màálù ń yọ.

Èwo ni kí ẹ tẹ̀lé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tí ẹ bá wo máàkì wàrà nìkan, ẹ lè gbé màálù ńlá tó ń jẹ bí ẹni pé kò ní yó wọlé. Ti mẹ́téènì dára, ṣùgbọ́n ibi tútù tí oúnjẹ ọkà ti pọ̀ ni wọ́n ti kó ìṣirò rẹ̀ jọ, kì í ṣe lórí eèsún àti èèpo ẹ̀gẹ́. Bí ìdíje àwọn akọ ṣe rí níbẹ̀ kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí níbí. Ti oúnjẹ ni mo fi ṣáájú, nítorí màálù tó bá jẹ díẹ̀ fún wàrà kan náà máa ń gùfẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó wo ọ̀kankan nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ọmọbìnrin akọ náà ṣe ń lóyún sí, àti bí ara àti ọmú wọn ṣe le sí. Abo tó ń jẹ díẹ̀ nítorí pé ó ń fi ọ̀rá ara rẹ̀ ṣe wàrà yóò dùn ún wò fún oṣù díẹ̀, kò sì ní lóyún lásìkò.

Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ láti dín gáàsì kù wà, Bovaer ni wọ́n mọ̀ jù. Ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ kò bá fi sí oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ohun tí ẹ bá gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ màálù yín ń bá ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Àtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú náítírójìn olómi, ní ìwọ̀n òtútù 196 nísàlẹ̀ òdo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìgò náà níṣojú yín, kí wọ́n ti igi gbígbẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ lè rí ibi tí yìnyín gùn ún dé. Tí náítírójìn ti fà sísàlẹ̀ ìgò, ẹ má rà á. Búnájì kì í pẹ́ lórí gígùn, òru ló sì sábà máa ń ṣe é. Èyí tí ẹ bá rí láàárọ̀ tó dúró kí màálù mìíràn gun òun, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kí wọ́n fi àtọ̀ sí i. Èyí tí ẹ rí nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni.

Ṣíṣà láàárín màálù tí ẹ ti ní

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ òyìnbó. Ẹ ra ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́, irú èyí tí àwọn tó ń ra kòkó ń lò. Ẹ wọn oúnjẹ tí ẹ gbé síwájú màálù kọ̀ọ̀kan ní alẹ́, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù láàárọ̀ kí ẹ tó gbá a dànù. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ lítà wàrà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ fi tépù wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń rù. Ẹ ó rí àwọn kan tí ẹ rò pé àwọn ló dára jù tó jẹ́ pé oúnjẹ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ń ṣe wàrà náà. Ọmọbìnrin àwọn tó mọ oúnjẹ lò ni kí ẹ dá sí.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní ipa tó pọ̀. Èérí ọkà láti ibi tí wọ́n ti ń pọn bíà ní Iléṣà ní amúaradàgbà dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè bàjẹ́, ẹ má kó ju èyí tí ẹ máa lò tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ nílé gàrí gbogbo. Ẹ sá a gbẹ dáadáa kí májèlé inú rẹ̀ kúrò. Ẹ gé eèsún nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, torí èyí tó ti gbó máa ń pẹ́ nínú àpòlúkù, gáàsì rẹ̀ sì pọ̀. Ewé àgùnmánìyè tí ẹ bá gbìn yí ọgbà ká, ẹ lè máa gé e pò mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Tí n bá wà nípò yín

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Iléṣà, tó ní ilẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tó fẹ́ màálù mẹ́ta: àdàpọ̀ Jersey, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ gbin eèsún ní ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó dé.

Ọ̀dọ́ tó ń ta yógọ́ọ̀tì ní Ifẹ̀ tó fẹ́ ní agbo màálù tirẹ̀: ra Búnájì mẹ́wàá tó ti bímọ rí, kí o fi àtọ̀ Friesian sí márùn-ún, Jersey sí márùn-ún, kí o sì wọn àwọn ọmọ wọn síra. Àtọ̀ tí wọ́n ti ya abo sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ wà, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá á jẹ́ obìnrin. Ó gbówó lórí, ṣùgbọ́n akọ màálù kì í ṣe wàrà.

Àwọn baba wa ní gàá, tó ní ogójì tàbí àádọ́ta Búnájì: ẹ má ta gbogbo wọn ra Friesian. Ẹ yan mẹ́jọ tó dára jù, ẹ da wọ́n pọ̀, ẹ tọ́jú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ìyókù máa lọ jẹko. Bí àwọn mẹ́jọ yẹn bá ti ń fún yín ní lítà tó pọ̀ ju ti gbogbo agbo tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lè wá tà lára àwọn tó ṣẹ́kù, pàápàá àwọn abo tó ti ju ọdún mẹ́rin tí kò tíì bímọ.

Ẹni tó ti ra Friesian ògidì tó sì wà lọ́gbà báyìí: ẹ má pa á. Ẹ gbé òrùlé yẹn ga, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo páànù, ẹ máa fún un ní oúnjẹ tó pọ̀ jù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí omi tútù má wọ́n níwájú rẹ̀. Àtọ̀ Gir, tí ẹ bá rí i rà, ni kí ẹ fi sí i nígbà mìíràn tó bá ń gùn. Ọmọ rẹ̀ á gbàgbé òtútù Yúróòpù.